Ládàánì Méjì, Òdòdó Adoríkodò Kan

Köln, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 1973

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Hafız Lütfi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìpè àsùbá tí ẹ ń gun òkè lọ ṣe nínú òtútù. Mo kí Màmá mi púpọ̀púpọ̀. Mo fẹnu ko ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì, mo sì gbé e kan iwájú orí mi. Ara mi le, mo sì ń jẹun. Bí Màmá bá ní mo ti rù, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹni tó ya fọ́tò náà ni kò mọ̀ ọ́n yà.

Iṣẹ́ ń lọ. Wáyà inú rédíò là ń jó mọ́ra wọn láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òjò ibí kì í rọ̀ bí òjò gidi, ṣe ló ń wọ́n síni lára bí ìgbà tí Màmá ń wọ́n omi sáṣọ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹ̀dọ̀ díndín Edirne pẹ̀lú ata pupa gbígbẹ ń wù mí débi pé mo ti ń lá àlá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ lọ́nà ibí, ẹ bá mi fi ata ránṣẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ tí wọ́n mọ bí èso yẹn ránṣẹ́ mọ́, ó ti kún inú àpótí mi. Ọmọ Jámánì kan tí a jọ ń gbé yàrá ti gé ọ̀kan jẹ, ó ní èso ilẹ̀ wa kò dùn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì sí lẹ́tà tí Màmá kì í ti í bèèrè pé ta ni, ta ni. Ó dáa, ẹnì kan ti wà. Ọmọ Edirne ni, ọmọ àdúgbò wa. Kì í mutí, ó ń kírun. Ilé iṣẹ́ kan náà la jọ wà, òun ló ń kó àpótí rédíò lọ sínú ọkọ̀. Ó fẹ́ kí bàbá òun wá tọrọ mi lọ́wọ́ yín bó ti yẹ, pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run àti ọ̀rọ̀ Ànábì.

Ẹ jókòó kí n tó dárúkọ rẹ̀. Tuncay ni, ọmọ Hafız Nazmi, ládàánì ẹlẹgbẹ́ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ yín,
Necla


Edirne, ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, ọdún 1973

Necla ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ológbò ìyá rẹ kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, inú wa dùn pé ara rẹ le. Ata ń bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ Saffet tó ń padà sí Jámánì. Ọṣẹ náà wà níbẹ̀. Ìyá rẹ ló di ẹrù, má wo ojú mi.

Òjò ti pọ̀ níbí náà, odò Tunca ti kún dé ìdí afárá. Wọ́n ń tún òjé tó wà lórí òrùlé rìbìtì mọ́sálásí Selimiye ṣe, gbogbo àgbàlá kún fún àkàbà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá á kọ́kọ́ fò bí ewúrẹ́. Ojú ìwé kejì lẹ́tà rẹ ni mi ò rí kà. Ó jọ pé eku ti jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi báyìí, ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé ojú ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ó dáa. Mo kà á.

Necla, ọkùnrin ilẹ̀ wa tó wà ní Jámánì kò lóǹkà. Onírùngbọ̀n wà, aláìnírùngbọ̀n wà, mo gbọ́ pé àwọn kan tilẹ̀ ti ra ọkọ̀. Nínú gbogbo wọn, ọmọ Nazmi lojú rẹ rí! Ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Edirne, ó kọjá Bulgaria, ó kọjá ilẹ̀ Yugoslavia, ó kọjá òkè oníyìnyín, kó tó lọ bá ẹni tó wà ní ìkángun àdúgbò bàbá rẹ̀.

O mọ ohun tó wà láàárín wa, o kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n o wà níbẹ̀. Àwọn àlejò láti Ankara dúró lábẹ́ pèpéle àwa ládàánì, ní àárín mọ́sálásí gan-an. Wọ́n rí òdòdó lale kékeré tí wọ́n gbẹ́ sára òpó mábù pèpéle náà, èyí tó doríkodò. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ń sọ fún wọn bí bàbá mi ti sọ fún mi: pé nígbà tí Sinan àgbà ọ̀mọ̀lé ń kọ́ ilé yìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ kékeré, Fatma, dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì kú. Òdòdó náà tẹrí ba nítorí ọmọ náà. Ẹnu mi kò tíì kúrò níbẹ̀ tí Nazmi fi já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá arúgbó kan ló ni ilẹ̀ ibí. Oko òdòdó lale ló fi ṣe, olóríkunkun sì ni, kò fẹ́ tà á fún Súlútáànì. Nígbà tó gbà tán, wọ́n gbẹ́ òdòdó kan síbẹ̀ fún ìrántí oko rẹ̀, wọ́n sì dorí rẹ̀ kodò fún ìrántí oríkunkun rẹ̀." Níwájú àlejò! Ó sọ mí di òpùrọ́ nínú ilé Ọlọ́run, èmi náà sì pè é ní ohun tí mo pè é.

Ọjọ́ yẹn ni mo fi Ọlọ́run búra pé ọ̀rọ̀ kankan kò ní ti ẹnu mi lọ sọ́dọ̀ Nazmi mọ́, àfi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Òun náà búra. Ọdún mọ́kànlá rèé. Báwo ló ṣe wá fẹ́ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi? Ṣé ọwọ́ ni yóò fi júwe ni?

Máa wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun.

Bàbá rẹ,
Hafız Lütfi


Köln, ọjọ́ kejì oṣù kejìlá, ọdún 1973

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ata dé, ẹ ṣeun. Ọṣẹ náà dé.

Ẹ ní ẹ̀yin àti Bàbá Nazmi kì í sọ̀rọ̀. Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ tó yín ní Edirne? Tó bá di àìlà, ẹ̀yin á gun bákóní òkè, àwọn á gun ti ìsàlẹ̀. Ẹ ó pe gbólóhùn kan, ẹ ó dákẹ́, àwọn á gbà á lẹ́nu yín láti ìsàlẹ̀, ẹ̀yin náà á tún gbà á padà. Gbogbo ìlú ń gbọ́. Onímọ́tò ń pa ẹ́ńjìnnì nítorí rẹ̀. Ẹni méjì tó mọ bí èkejì ṣe ń mí nìkan ló lè pe irú ìpè alágbàpè yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ìbejì ni yín.

Tuncay ti kọ̀wé sí bàbá rẹ̀. Èsì tó gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: "Kí Lütfi kọ́kọ́ gbà pé ìyá arúgbó ló ni oko." Ó kà á fún mi ní ibùdókọ̀, a rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, a kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá, mi ò bèèrè ilé, mi ò bèèrè ilẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí bàbá ọmọkùnrin wọ bàtà dídán, kó wá jókòó sí yàrá àlejò wa, kó mu kọfí ìyá mi, kó sọ gbólóhùn kan. Àwọn ọmọbìnrin míì wà níbí tí wọ́n kàn lọ fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ ìjọba Jámánì, fọ́tò ni ìyá wọn fi mọ̀. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi bí ẹni gbé adìyẹ olóko. Bí wọn kò bá gba ẹnu ọ̀nà yín wọlé wá tọrọ mi, mi ò ní lọ, bó ti wù kó dùn mí tó. Yóò sì dùn mí.

Ẹ bá mi rò ó.

Necla yín


Edirne, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, ọdún 1974

Necla,

Má bínú pé èsì yìí pẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn mí, ẹ̀bi Nazmi sì ni.

Láti ìgbà tí lẹ́tà ọmọ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló ti ń fa ìpè tirẹ̀ gùn. Èmi á pe tèmi tán lókè, níbi tí atẹ́gùn Bulgaria ti ń gé etí ènìyàn. Òun tó fara pamọ́ sísàlẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀: á fà á, á lọ́ ọ, á gbé e lọ sókè, á tún gbé e sọ̀ kalẹ̀, títí irùngbọ̀n mi á fi di yìnyín. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Èmi náà ń fa tèmi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lèmọ́mù ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ìrun òní là ń pè ni àbí tọ̀la.

O rò pé ó rọrùn kí ènìyàn bínú fún ọdún mọ́kànlá? Sinan ló ràn wá lọ́wọ́. Nínú gogoro kan ṣoṣo yẹn tí a ti ń pe ìrun, ó kọ́ àtẹ̀gùn mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lọ sí bákóní tirẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta lè gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n má fojú kan ara wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ní ọgbọ́n ìkọ́lé ni. Èmi mọ̀ pé ọkùnrin náà ti bá àwọn ládàánì gbé rí ni. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Nazmi lẹ́yìn ògiri bí a bá ti ń gòkè. Ó ti ń mí hẹlẹ báyìí, ó ń dúró sinmi lójú ọ̀nà. Inú mi kò dùn sí i. Ó dùn díẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ rẹ, ronú nípa Súlútáànì Selim. Òun ló ní kí wọ́n kọ́ mọ́sálásí yìí, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́ títí dòní, ṣùgbọ́n ó kú kí wọ́n tó ṣí i. Kò kírun nínú rẹ̀ rí. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wuni ni ọwọ́ ń tẹ̀, ọba ìbá jẹ́, ẹni tó ń jó wáyà ìbá jẹ́.

Bí Nazmi bá fẹ́ ọ fún ọmọ rẹ̀, kó wá sídìí òpó náà níwájú gbogbo àwa tó ń kírun, kó ní Fatma ló kú. Bí kò bá sọ ọ́, mo lè fi ọ́ fún ẹni tó ń ṣọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ọmọlúàbí ni, kì í sì í sọ ìtàn.

Bàbá rẹ


Köln, ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, ọdún 1974

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀fun dídùn. Ẹ fi oyin sí omi gbígbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì gun òkè láìwé ọrùn.

Lẹ́tà yín pa mí lẹ́kún lọ́jọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n inú mi dùn lónìí, torí ìjà yín ti tán. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ní gbọ̀ngàn ìlú pé ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì kan tó ti darúgbó máa sọ̀rọ̀ nípa Selimiye. Èmi àti Tuncay wọṣọ, a lọ. Ó pa iná, ó sì fi àwòrán hàn lára ògiri. Bàbá, nígbà tí òrùlé rìbìtì yẹn yọ, pẹ̀lú òpó ńláńlá mẹ́jọ tó gbé e dúró àti gbogbo fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, mo di ọwọ́ Tuncay mú, mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Sinan ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà tó parí rẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló pè é ní iṣẹ́ ọ̀gá. Àwọn Jámánì tó wà lẹ́yìn wa ń mí kanlẹ̀. Ó wù mí kí n yíjú padà kí n ní, "Bàbá mi ń pe ìrun níbẹ̀."

Nígbà tó parí, mo nawọ́. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ òdòdó adoríkodò: ṣé ti Fatma ni àbí ti ìyá arúgbó olóko. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìtàn méjèèjì dùn, ṣùgbọ́n òun ti ka àwọn ìwé àtijọ́ tó wà nípa ilé náà, òun kò rí Fatma níbẹ̀, òun kò sì rí arúgbó kankan. Ó ní ó lè jẹ́ pé agbẹ́kùúta kan ló kàn wù bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin méjèèjì kò jàre? Kò sí ohun tí ẹ ń jà lé lórí mọ́. Ẹ lè sinmi báyìí.

Mò ń retí èsì ayọ̀.

Necla


Edirne, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ọdún 1974

Necla mi, ojú mi, ẹ̀dọ̀ mi,

Èmi ìyá rẹ Mürüvvet ni. Bàbá rẹ ti lọ sí mọ́sálásí, mo yáa mú bírò kó tó dé.

Kí lo kọ sí ọkùnrin yìí? Ó ka lẹ́tà rẹ tán, ó dìde dúró, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní, "Jámánì! Ẹni tí kò ṣe àlùwàlá rí! Ó ní kò sí Fatma?" Kò jẹun. Ó ń rìn káàkiri inú ilé, ó ń bá ológbò wí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó ní kò sẹ́ni tó kù ní Edirne tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òdòdó yẹn lẹ́nu àwọn àgbà àtijọ́ ju òun àti "ẹni yẹn" lọ, pé ẹni yẹn gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí sí i.

O mọ bàbá rẹ. Kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfo. Ó yà ra àpótí súìtì álímọ́ńdì kan, olùtajà sì fi rìbọ́ọ̀nù pupa dì í. Kóòtù òjò rẹ̀ ti rin, ló bá lọ wọ kóòtù dúdú tó fi gbé mi níyàwó. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kóòtù dúdú, súìtì onírìbọ́ọ̀nù pupa! Mo sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀, mò ń pè é, kò gbọ́. Nuriye aládùúgbò wa ti yọ orí lójú fèrèsé. Ó pariwo pé, "Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jáde o! Hafız Lütfi ń lọ tọrọ ọkọ fún ọmọ rẹ̀!" Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Edirne dó, ọlọ́mọkùnrin ló ń gbé súìtì lọ sílé ọlọ́mọbìnrin. Ṣe ló wù mí kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ìyàwó Nazmi ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní nígbà tí òun ṣílẹ̀kùn tí òun rí kóòtù àti súìtì, ariwo ayọ̀ ni òun fi gba bàbá rẹ lálejò, òun sì sáré lọ gbé kọfí kaná. Àwọn àgbààgbà méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo ògiri. Kò sẹ́ni tó fẹ́ já ìbúra. Bàbá rẹ bá yọ lẹ́tà rẹ, ó gbé e sórí tábìlì. Nazmi wọ awò, ó kà á, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ata.

Ó ní, "Irọ́ ni!"

Bàbá rẹ ní, "Irọ́ pátápátá!"

"Ó pe àwa méjèèjì ní òpùrọ́, Lütfi!"

"Mo ní kí o gbọ́!"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé òpùrọ́ ni ọ́. Ta ló wá fún òun láṣẹ láti sọ ọ́?"

Bí ìbúra ọdún mọ́kànlá ṣe já nìyẹn. Wọ́n ti ní àwọn máa bọ́ tálákà láti fi san ìtánràn rẹ̀. Wọ́n bú Jámánì yẹn títí kọfí fi tutù. Nígbà tó yá ni Nazmi wo bàbá rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Lütfi, kóòtù wo lèyí? Ìyàwó mi ní ọmọ mi lo wá tọrọ." Ìyàwó Nazmi ní bàbá rẹ wo kóòtù, ó wo rìbọ́ọ̀nù, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Nazmi rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Máa lọ sílé. Mò ń bọ̀ lọ́la. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó sì wá. Bàtà rẹ̀ ń dán. Àpótí súìtì méjì ló gbé, ó gba ojú títì gbangba kí gbogbo wọn lè rí i. Ó jókòó, ó ní, "Pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run àti ọ̀rọ̀ Ànábì, a wá tọrọ Necla fún Tuncay wa." Bàbá rẹ fi irùngbọ̀n ṣeré fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n má ba à rò pé ó ń kánjú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí Ọlọ́run bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni èmi tí n ó pa á rẹ́?"

Mo sunkún, ọmọ mi. Mo ti ra ìgbálẹ̀ onídígí tí ìyàwó tuntun ń gbé wọlé. Àwọn méjèèjì ń jókòó báyìí lójoojúmọ́, wọ́n ń kọ èsì sí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, wọ́n sì ń jà lórí ìtàn ẹni tó máa ṣáájú. Tètè kọ̀wé, kí o sọ ìgbà tí ẹ̀ ń bọ̀.

Ìyá rẹ


Edirne, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin, ọdún 1974

Necla,

Ṣé kò sí? Ìyá rẹ kọ̀wé, èmi kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, Nazmi kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀, kò sí èsì kankan. Amúlẹ́tà ti ń gba òdìkejì títì kí ìyá rẹ má ba à rí i. Ọmọ tó ti ń sunkún ọkọ láti oṣù kẹwàá, a gbà fún un tán, ó wá dákẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ní Jámánì nìyẹn?

Bí ara kò bá yá, sọ. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ìpè àsùbá àná, mo fo gbólóhùn kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láyé. Nazmi ló fọgbọ́n bò mí.

Bàbá rẹ


Köln, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, ọdún 1974

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Ara mi le. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ ni. Kò sí ìgbéyàwó mọ́.

Ìròyìn súìtì yẹn ti ṣáájú lẹ́tà Màmá dé ibí. Ẹnì kan ní Edirne kọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀, ó sì di orin nínú ilé tí àwọn ọkùnrin wa ń gbé. Wọ́n ń pe Tuncay ní "ìyàwó". Wọ́n ń bi í léèrè iye tí wọ́n san lórí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń bínú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé, "Kí n ṣe báwo? Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e wá bá wa nílé pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù."

Mo ní, "Bàbá mi kò gbé ọmọ kiri. Ọ̀rọ̀ òdòdó ló bá lọ."

Ó ní, "Òdòdó wo? Ìtàn Fatma tí wọ́n fi ń rẹ ọmọdé lẹ́kún? Ìyá arúgbó olóríkunkun ló ni oko yẹn, ìwọ gan-an lo jọ."

Mo sọ fún un pé bàbá tirẹ̀ kò mọ ìtàn, ohùn ìpè tirẹ̀ sì dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn kò rí òróró. Ẹ dárí jì mí, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Tuncay gbé àwo rẹ̀, ó lọ jókòó síbòmíì. Ó búra pé òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ àfi kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá òun. Èmi náà búra.

Ó ti lé lóṣù kan. Lójoojúmọ́ ló ń wá gbé àpótí nídìí tábìlì mi. Mo ń wo wáyà, ó ń wo ògiri. Mo gbèjà yín, Bàbá. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fi ìtàn yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ kí inú yín dùn.

Necla


Edirne, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, ọdún 1974

Ọmọ mi,

Inú mi kò dùn.

Nazmi jókòó tì mí bí mo ti ń kọ èyí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun gbọ́ ohun tí o sọ nípa ohùn òun, pé òun ti dárí jì ọ́, pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn tilẹ̀ bá àárọ̀ òun mu. Ó ti kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀. Mo ka ohun tó kọ. Wọn kì í kọ irú rẹ̀ sí ọmọ ẹni lásán.

Necla, gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi. Mi ò mọ ìdí tí òdòdó yẹn fi doríkodò. Nazmi náà kò mọ̀. A bi ara wa lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ẹnì kankan nínú wa rí ẹ̀rí kan rí, a sì rí i pé kálukú kàn gbọ́ ọ ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí ọkùnrin Jámánì yẹn ti wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní sọ ọ́ fún un.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi di ìtàn Fatma mú. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ibà kan dá ọ dùbúlẹ̀, dókítà sì ní ká máa gbàdúrà. Mo lọ jókòó sídìí òpó yẹn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo òdòdó náà, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé Sinan ní iṣẹ́ ńlá tó lè fi gbàgbé, èmi ò ní nǹkan kan. Ara rẹ yá. Nígbà tí Nazmi wá já lu ọ̀rọ̀ mi níwájú àwọn àlejò, ó dà bí ẹni tó ní ọmọ tèmi kò ṣàìsàn rí. Ìdí ìbínú mi nìyẹn. Mi ò sọ fún un rí. Mo sọ fún un lánàá. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní, "A kì í sọ̀rọ̀ ni."

Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlá tí mo fi bínú sí Nazmi, ìpè ìrun ni kò jẹ́ ká di ọ̀tá. Bó ti wù kí inú bí mi tó, mo gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí n tẹ́tí sí i kí n tó lè pe tèmi. Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu. Bó bá ń ṣòjòjò, mo ń gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ẹ̀yin méjì wá ńkọ́? Ta ni yóò mú yín dá ara yín lóhùn níbẹ̀ yẹn? Rédíò ni? Ẹ̀ ń ṣe ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo ilé Jámánì, ẹ̀yin fúnra yín wá yadi.

Mi ò pàṣẹ fún ọ. Bí Tuncay kò bá wù ọ́ mọ́, má fẹ́ ẹ, n ó sì dúró tì ọ́ níwájú Nuriye àti gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ pé òun ni o kò fẹ́. Má tìtorí òpó mábù kọ ènìyàn sílẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu kò pàdánù. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ sílé Nazmi, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì jèrè.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Lütfi


Köln, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, ọdún 1974

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo sì kí Bàbá Nazmi, mo bẹ̀ wọ́n.

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì fi òpin ọ̀sẹ̀ kà á lákàtúnkà. Lánàá òde yìí, mo jí, mo ní tí mo bá ń dúró de ọ̀rọ̀ tó dáa, mi ò ní sọ̀rọ̀ láéláé. Nígbà tí Tuncay wá gbé àpótí, mo ní, "Ó wúwo o."

Ó dúró. Kò wo ògiri mọ́. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó tún ní, "Necla, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni."

Mo ní, "Ti òmùgọ̀ ni lóòótọ́. Tèmi náà kò gbọ́n jù ú lọ."

Ó gbé àpótí sílẹ̀. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ jọ sórí tábìlì. Ọ̀gá wa pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé ká dákẹ́.

A ò dákẹ́.

Ọmọ yín,
Necla